Irin Tí A Máa Ń Yí Padà

Lẹ́yìn ilé wa ní Ìkìrun, irin kan wà tí wọ́n fi ń tẹ páànù orí ilé ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ kí ìjì má bàa gbé e lọ. Páìpù omi ni, ó fi díẹ̀ gùn jù mí lọ, sìmẹ́ńtì sì dì gbagidi mọ́ ọn ní orí méjèèjì. Agolo ọ̀dà tí a da sìmẹ́ńtì náà sí ti dípẹtà tipẹ́, ó ti rún dànù, àmọ́ tí èèyàn bá wò ó dáadáa, yóò rí ìlà róbótó ìdí agolo yẹn lára sìmẹ́ńtì, bí ẹni pé wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Nígbà tí mo wálé ọdún Iléyá, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbá ewé gbígbẹ kúrò lára rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi méjèèjì ti wà lórí páìpù náà, wọ́n ti jìnnà síra wọn gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń jìnnà síra ní nǹkan bí ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n ni orúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1987, oríṣi irin mẹ́ta ló wà lágbàlá yẹn. Àwa fúnra wa la ṣe wọ́n, àwa náà la sì sọ wọ́n lórúkọ. Àbúrò ni méjì kéékèèké tí a fi agolo mílíìkì oníyẹ̀fun ṣe, ọwọ́ kan la fi ń gbé ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ni ti agolo ọ̀dà gálọ́ọ̀nù kan. Bàbá ni èyí tó wúwo jù: ṣáàfù ọkọ̀ akẹ́rù kan, pẹ̀lú ike ọ̀dà ńlá méjì tí a da sìmẹ́ńtì sí dé ìdajì. Àwa mẹ́fà la jọ ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ni mo sì fi dàgbà nínú wa. Tí wọ́n bá bi ẹnikẹ́ni nínú wa pé ibo ló bá irin gbígbé dé, kì í dárúkọ kílò. Á ní, "Mo ti kúrò lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ni mò ń gbé báyìí." Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó ń sọ.

Ojú wa ló kọ́kọ́ rí i kí ọkàn wa tó fà sí i. Ọkùnrin kan ní fídíò ládùúgbò, a san owó díẹ̀ wọlé, a sì wo fíìmù Commando tí Arnold Schwarzenegger ṣe lọ́dún 1985. Bí fíìmù yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà gbé odidi ìtì igi lé èjìká kan, apá rẹ̀ rí bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà nílẹ̀ ọlọ́ràá. A jáde níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti ní tiwọn ṣáájú wa: Power Mike Okpala, oníjàkadì tí òkìkí rẹ̀ kàn ní àwọn ọdún 1970. Àwọn tó tún ṣáájú wọn gbọ́ nípa Charles Atlas, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Ítálì lọ́dún 1892, tó ń fi ẹ̀kọ́ ìdárayá ránṣẹ́ nínú lẹ́tà sí ẹni tó bá sanwó. Kò sí irin nínú ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Apá kan ni yóò máa bá apá kejì jà títí iṣan yóò fi yọ.

Àmọ́ agbára ti wà nílùú kí fíìmù tó dé. Ìtòsí Ìkìrun ni wọ́n ti ja ogun Jálumi ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, odò Ọ̀tìn sì ń ṣàn níbẹ̀ títí dòní. Àwọn bàbá wa ń kọ ebè láti ìdájí títí oòrùn á fi mú. Àwọn kan ń ru àpò kòkó, àwọn kan ń ru obì, àwọn kan ń gbé ẹrù sínú ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Ìkìrun àti ti Òkukù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbàyà ọkùnrin ṣe ń tẹ́ pẹrẹsẹ, kó lọ wo alágbẹ̀dẹ nídìí owú. Ìyá àgbà wa kò mọ ohun tí a ń pè ní ìdárayá. Ó jókòó lórí àpótí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń wò wá bí a ṣe ń gbé irin sókè tí a tún ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹrù yín yìí, ibo ló ń lọ?" Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni. Lójú tirẹ̀, ohun tí èèyàn bá gbé níláti dé ibì kan: omi dé inú ìkòkò, iṣu dé inú odó, ẹrù dé ọjà. A kò rí èsì fún un. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ìyá ti lọ, mo ṣì ń wá èsì yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe Ẹ̀gbọ́n, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá kan tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló fún wa ní páìpù. A bá a gbá ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kó tó fún wa. Òun náà ló lu ihò sí páìpù náà ní orí méjèèjì, ó sì ki ìṣó ńláńlá bọ̀ ọ́, ìṣó kan dábùú èkejì. Ó ní, "Tí ẹ ò bá fi ìṣó há a, sìmẹ́ńtì yín á máa yí bíríbírí lára irin bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ọjọ́ kan ló máa yọ bọ́ lé yín lórí." Yanrìn, a kó o létí odò lẹ́yìn òjò. Òkúta wẹ́wẹ́, a ṣà á níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Sìmẹ́ńtì ni kò sí. A lọ bẹ bíríkìlà kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé kejì, ó sì gbọn ìdí àpò mẹ́ta fún wa.

A pò ó, a dà á sínú agolo, a ki páìpù bọ̀ ọ́, a fi okùn so ó mọ́ ẹ̀ka máńgòrò kó lè dúró ṣánṣán. Lọ́jọ́ kejì, ara wa kò gbà á mọ́. A tú okùn, a dojú rẹ̀ bolẹ̀ ká lè da orí kejì. Ni sìmẹ́ńtì bá já bọ́ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Ẹni tó kéré jù nínú wa sunkún. Bíríkìlà yẹn gbọ́ ariwo, ó wá, ó tẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, ó ní: "Omi yín pọ̀ jù, ìkánjú yín sì ju omi lọ. Agolo sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́ta. Omi, ẹ kàn fi ra á lójú ni. Tó bá wá ń dì, ẹ má jẹ́ kí oòrùn pa á. Ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́."

A rò pé gbígbẹ ni sìmẹ́ńtì ń gbẹ, bí aṣọ orí okùn. Ọjọ́ yẹn la gbọ́ pé omi gan-an ló ń fi le. Tí omi bá tètè kúrò lára rẹ̀, ẹlẹgẹ́ ni yóò jẹ́ títí ayé. Àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ fi ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n sí i kí kọ́ńkéré tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀. Bíríkìlà kò pe ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ó ní ká dúró títí oṣù mìíràn yóò fi lé, bákan náà ló sì já sí. Ẹ wo àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n ń kánjú àtidi alágbára, tí wọ́n ń fi odidi oṣù kan wọ́n omi sí àpò, láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé, lálẹ́ kí wọ́n tó sùn. Kò tíì sí ẹni tó gbé nǹkan kan, agbára ti ń wọ̀ wá lára.

Lọ́jọ́ tí a da orí kejì, òkúta tán lọ́wọ́ wa, agolo náà kò sì kún dé ẹnu. A kò kọbi ara sí i. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n le tán, a gbé àárín rẹ̀ lé òkúta kan bí ọmọdé ṣe ń ṣe jàǹgbálájùgbú. Apá kan rọ̀ lọ sílẹ̀. A tún un gbé, ó tún rọ̀. Orí kan wúwo ju èkejì lọ, kò sì sí ohun tí a lè yọ tàbí tí a lè fi kún un mọ́. A kó ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá tó fún wa ní páìpù. Ó wo irin, ó wo àwa náà, ó ní: "Ẹ má dá a nù. Ẹni tó bá gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹnì kejì bá a yí i padà, kó tún gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Apá ọ̀tún á jẹ níbẹ̀, apá òsì náà á jẹ níbẹ̀."

Òfin àgbàlá wa nìyẹn láti ọjọ́ náà. Ẹni tó ń gbé e kò lè yí i fúnra rẹ̀, nítorí orí bẹ́ǹṣì ló ń dùbúlẹ̀ sí. Pákó tí wọ́n gé kù la fi kan bẹ́ǹṣì ọ̀hún. Òpó igi méjì tó la ẹ̀ka, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àtíbàbà, la rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí irin lè máa sinmi lórí wọn. Rọ́bà inú táyà tí fọkaláísà jù nù la so mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, òun la ń fà fún iṣan ẹ̀yìn. Kò sí dígí kankan. Ojú ẹnì kejì ni dígí. Ẹnì kan dùbúlẹ̀, ẹnì kan dúró níbi orí rẹ̀ kí irin má bàa já lù ú, ẹnì kan wà lápá ọ̀tún, ẹnì kan lápá òsì, gbogbo wa sì ń kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Tí ó bá ku méjì, ohùn wa á gòkè. Ẹni tó wà lábẹ́ irin kì í mọ̀ mọ́ bóyá apá rẹ̀ ló gbé e ni àbí ohùn wa. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ẹni méjì á gbé irin, wọ́n á yí i padà, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Tí a bá ṣe tán, ẹ̀wà àti gààrí ló kù. Lọ́jọ́ tí owó bá wà, a ó ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìbàdàn ni mo ń gbé báyìí. Mo ń san owó oṣooṣù ní jíìmù kan tó dára. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, dígí wà yíká ògiri, ẹ̀rọ ìsáré tò lọ rẹrẹ. Irin ibẹ̀ kò parọ́: tí wọ́n bá kọ ogún kílò sí i lára, ogún kílò ni. Ọ̀pá gbọọrọ tí àwọn ọkùnrin ń lò níbi ìdíje àgbáyé ń wọn ogún kílò kí wọ́n tó fi ohunkóhun sí i, ti obìnrin jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bákan náà ló sì rí láti Ìbàdàn dé Tókíò. Mo mọyì èyí. Olùkọ́ wà tó ń sọ fún èèyàn pé kó na ẹ̀yìn, kó má ṣe tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ. A kò ní irú rẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Bàbá já bọ́ lé ọ̀kan nínú wa lẹ́sẹ̀ lọ́dún 1988, ọmọ ìka rẹ̀ kò sì tọ́ mọ́ títí dòní. Ẹ̀yìn ń dun ẹlòmíràn nínú wa nígbà òtútù, ó sì mọ ibi tó ti rí i. N kò ní í pe ewu ní adùn nítorí pé ó ti pẹ́.

Síbẹ̀, ó ti di ọdún mẹ́ta tí èmi àti ọkùnrin kan ti jọ ń gbé irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa ní jíìmù yẹn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Íyápíìsì wà létí rẹ̀, ó ń mi orí sí mi, mo ń mi orí sí i. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni wá, àwa tí a ní ìkíni fún ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ń dirun, ẹni tó jókòó lásán. Ní àgbàlá wa, ẹni tó bá ti ẹnu ọ̀nà wọlé gbọ́dọ̀ kí wa kú iṣẹ́, a ó dá a lóhùn kí irin tó kúrò nílẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń bá mi ka iye tí mo gbé. Ó ń kà á dáadáa, kì í ṣìṣe. Kò sì bìkítà bí mo bá dé ẹ̀ẹ̀kẹwàá.

Ẹnì kan lè sọ pé àìní ló jẹ́ ká máa ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá rówó kò ní í wá agolo ọ̀dà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ìlú Kyiv ní Ukraine. Lórí erékùṣù kan láàárín odò Dnipro tí wọ́n ń pè ní Hydropark, láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn ará ìlú ti ń fi àlòkù irin àti ṣéènì ṣe ohun ìdárayá síta gbangba. Ìlú ńlá ni Kyiv, kò ṣàìní jíìmù olówó ńlá. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń lọ gbé irin àlòkù wọn lábẹ́ igi. Ohun tí wọ́n ń wá lọ síbẹ̀, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Bàbá kò sí lẹ́yìn ilé wa mọ́. Láyé ìgbà yẹn, ṣáàfù àti gíà tó ti bàjẹ́ máa ń wà nílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì, koríko á hù bò ó. Ẹni tó bá bèèrè, wọ́n á ní kó gbé e. Nísinsìnyí, irin kì í pẹ́ nílẹ̀. Àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ń rà á ní kílò-kílò, ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ àlòkù irin di irin ìkọ́lé sì wà ní Ìkìrun níbẹ̀. Ẹnì kan nínú ilé fọ́ sìmẹ́ńtì kúrò lára Bàbá, ó sì ta ṣáàfù rẹ̀ nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ já lé e lórí. N kò bínú sí i. Ó ṣeé ṣe kí Bàbá ti wà nínú òpó ilé kan báyìí, kó máa gbé àjà dúró. Ìyá àgbà ì bá fẹ́ràn ìyẹn. Sìmẹ́ńtì gan-an kò sí lára ohun tí wọ́n ń gbọn ìdí àpò rẹ̀ fún ọmọdé mọ́: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àpò kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà láwọn ibì kan.

Nígbà tí kòrónà dé lọ́dún 2020 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn jíìmù, ọwọ́ mi padà sí ohun tó mọ̀. Mo bu omi kún kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá méjì. Lítà omi kan, kílò kan ni, nítorí náà kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀. Mo rọ iyanrìn sínú àpò ìrẹsì, mo gbé e lé èjìká, mo ń gòkè, mo ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ní gbogbo ayé nígbà náà, àwọn èèyàn ń fi ìgò ṣe irin, wọ́n ń fi àpò ìwé ọmọ ṣe ẹrù. Mo rí wọn lórí fóònù, inú mi dùn, mo ní wọ́n ti dé àgbàlá wa. Ìgbà tó yá ni mo ṣàkíyèsí pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú fídíò kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ń kà á. Kò sí ẹni tó dúró níbi orí.

Ohun kan wà tí òní fi ta àná yọ pátápátá, n kò sì lè ṣàìsọ ọ́. Kò sí obìnrin kankan nínú àwa mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń pọnmi láàárọ̀, ó ń gúnyán lálẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ gbálẹ̀ lábẹ́ òpó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé Ẹ̀gbọ́n kúrò níbẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbálẹ̀ tán, ó tún gbé e padà. Ẹni tó kéré jù nínú wa kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. A rí i, a sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí obìnrin gbé irin níbi ìdíje Òlíḿpíìkì, ní Sydney, ọmọ Nàìjíríà kan, Ruth Ogbeifo, sì gba fàdákà níbẹ̀. Lọ́dún 2022, níbi ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀lì ní Birmingham, Adijat Adenike Olarinoye gbé igba kílò ó lé mẹ́ta lápapọ̀, Rafiatu Folashade Lawal gbé igba ó lé mẹ́fà, wúrà ni àwọn méjèèjì gbà. Folashade Oluwafemiayo gba wúrà ìdíje àwọn aláàbọ̀ ara ní Tókíò, ó tún gbà á ní Paris lọ́dún 2024. Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ wọn, ẹ̀gbọ́n mi tó gbálẹ̀ lábẹ́ òpó ni mo rántí. Àgbàlá wa ì bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká ní a ti pè é.

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, mo gba ọ̀nà Ọ̀fà lọ kí àna wa kan. Mo kọjá Ìníṣà, mo dé Òkukù, ọ̀sán ti ń rọ̀. Níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì kan, àwọn ọmọ iṣẹ́ ti palẹ̀ mọ́. Ṣáàfù kan wà nílẹ̀, fulaiwíìlì kan ní orí kìíní, gíà méjì ní orí kejì, wọ́n fi wáyà dè wọ́n. Ọmọkùnrin kan ń gbé e lé àyà. Ọ̀rá ọkọ̀ ṣì wà lápá rẹ̀. Àwọn mẹ́rin yí i ká, wọ́n ń kà á sókè. Mo dá mọ́tò dúró, mo wò wọ́n títí wọ́n fi ka ẹ̀wá. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Gbogbo wọn ló dáhùn, títí kan ẹni tí irin wà láyà rẹ̀.

Mo padà sílé, mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń kàwé ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọgbà tó wà ní Òkukù, òun náà sì ń lọ sí jíìmù. Mo ní kó bá mi gbé Ẹ̀gbọ́n kúrò lórí ilé ewúrẹ́. Àwa méjèèjì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ra kòkó ládùúgbò, a sì yá òṣùwọ̀n rẹ̀. A gbé orí kan lé òṣùwọ̀n, orí kejì wà lórí àpótí tí gíga wọn dọ́gba. Kílò mọ́kànlá. A yí i, a gbé orí kejì lé e. Kílò méjìlá àbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́tàlélógún àbọ̀. Ohun tí a kò mọ̀ láti 1987 nìyẹn, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló sì gbà wá. Kílò kan àbọ̀ ni àṣìṣe wa, òun ló sì so wá pọ̀ fún ọdún mẹ́rin.

Nílé, ọmọ náà nu páìpù, ó fi íyápíìsì rẹ̀ sétí, ó dúró gbọnin, ó sì gbé Ẹ̀gbọ́n sókè. Ó gbé e dáadáa ju bí mo ṣe ń gbé e lọ nígbà tí mo tó o. Nígbà tó pé mẹ́wàá, ó gbé e sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo di orí kan mú, mo fà á yí padà.

Ó yọ íyápíìsì. "Bọ̀dá mi, kí lẹ fi ń yí i?"

Mo ní, "Orí kan wúwo ju èkejì lọ, ìwọ náà ṣáà rí i lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá gbé e, ẹlòmíràn ló máa ń bá a yí i."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo irin. Ó wá gbé íyápíìsì sórí ògiri kànga. "Ẹ bá mi kà á," ni ó wí.

Mo kà á fún un láti orí ení. Nígbà tó kan èmi, ó kà á fún mi. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹwàá, kí n tó mí dáadáa, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti di orí irin mú, ó ń yí i padà. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ohùn wa, ó jáde láti ilé ìdáná, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó kàn yín." Ó wò mí. Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó sì ń bọ̀.

Búlọ́ọ̀kù méjì la fi ń tẹ páànù ilé ewúrẹ́ báyìí.